Ẹni Tó Se Ọtí Ló Ń Kọ́kọ́ Mu

Àgbẹ̀ ni mí. Ìyàwó mi ni ọlọ́tí. Mo fẹ́ tètè sọ èyí, kí ẹni tó bá ń kà á má baà rò pé èmi ni mo mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ níbẹ̀ kò ju igi lílà, iná dídá àti jíjókòó ti iná lọ. Jíjókòó yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọjọ́ tí mo ti ń jókòó ti iná ọtí ìyàwó mi ti pẹ́ ju ọjọ́ orí ọmọ wa obìnrin lọ, ọmọ náà sì ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní Pobẹ báyìí. Abúlé wa wà lẹ́yìn Odómẹta, níbi tí ilẹ̀ pupa ti ń mú èso jáde dáadáa, ṣùgbọ́n tí omi jìn nísàlẹ̀ débi pé apá á ti ro èèyàn kí korobá tó yọrí nínú kànga.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ kíákíá. Ẹ bá mi lọ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ẹmu ọ̀pẹ ni ìyá rẹ̀ fi ń se sódàbì, ọtí líle tí àwọn mìíràn ń pè ní ògógóró. Wọ́n á wó ọ̀pẹ lulẹ̀, wọ́n á dá ojú sí i lára, ẹmu á máa kán. Tó bá kan dáadáa, wọ́n á gbé e ka iná. Ìyàwó mi kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì gbé e wá sílé mi pẹ̀lú àwo àti aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kì í ṣe àgbàdo tí èèyàn ń gbìn lọ́dọọdún. Ó di ọdún kan tí a wo oko yíká, a kò rí ọ̀pẹ tó ṣe é wó mọ́, àfi àwọn tí a ń kó ẹyìn wọn fún epo. Mo ní kó jẹ́ ká sinmi ọtí. Ó ní rárá.

"Àgbàdo ń bẹ ní àká," ló wí. "Ohun tó lè di ẹ̀kọ lè di ọtí."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ikùn mi ni. Ẹ̀yin náà ẹ ti mu ògì tó kan jù rí, Bàbá wọn. Ẹ sùn dọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ ní oòrùn ló mú yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa rẹ́rìn-ín lọ, pé ẹ̀rín kì í ba ọtí jẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi àgbàdo nìkan sè é, kò rí ju ìgò kan ààbọ̀ lọ nínú odindi àgbá, èyí tó sì rí náà ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ó da á nù. Obìnrin kan tó máa ń ti apá òkè gbé iṣu wá sí ọjà Kétu ló là á lójú: pé kó wá ọkà bàbà tó ti hù mọ́ àgbàdo rẹ̀, nítorí inú ọkà tó hù ni agbára tó ń sọ ẹ̀kọ di omi dídùn wà. Láti ìgbà náà ló ti ń rẹ ọkà bàbà sómi, tó ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, títí irùngbọ̀n funfun á fi yọ lára rẹ̀. A óò sá a, a óò lọ̀ ọ́. Ó á ro ẹ̀kọ àgbàdo nínú ìkòkò ńlá, á fi í sílẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí ara ọwọ́ bá gbà á, á da ìyẹ̀fun ọkà náà sí i, á fi ọmọrogùn rò ó. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní: ẹ̀kọ tó ki tó fi lè gbé ọmọrogùn dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú èèyàn, á sì dùn bí oyin tí wọ́n bomi là. Ó á bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu díẹ̀ sí i, á bò ó. Àgbá á máa hó láìsí iná fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Ìyàwó mi á máa fi etí kàn án ní àràárọ̀. Ọjọ́ tí kò bá gbọ́ nǹkan mọ́, á ní, "Ó ti dákẹ́." Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ni a gbọ́dọ̀ sè é, torí tó bá di ọjọ́ kejì, ó ń kan lọ nìyẹn.

Ó dán oríṣiríṣi ọkà wò. Àgbàdo funfun ń mú ọtí tó fúyẹ́ jáde, tí adùn rẹ̀ ń pẹ́ lẹ́nu. Ti àgbàdo pupa ń ta ọ̀nà ọ̀fun, àwọn tó ń ro oko ló fẹ́ràn rẹ̀. Ọkà bàbà nìkan máa ń korò díẹ̀ bí èèpo igi. Àwọn àgbàlagbà ń bèèrè fún un. Jéró ló dára jù nínú gbogbo wọn, ọtí rẹ̀ rọ̀ bí omi òjò, ṣùgbọ́n ẹyẹ kò jẹ́ ká kó jéró délé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la fi sè é.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Àgbá irin kan tó jókòó lórí ààrò mẹ́ta. Ìdérí rẹ̀, tí a fi ẹ̀bà tí a pò mọ́ eérú lẹ̀ yíká kí èéfín ọtí má baà sá lọ. Páìpù bàbà pupa tó jáde lórí ìdérí náà. Àti ọpọ́n igi gígùn kan tó kún fún omi tútù, tí páìpù náà gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó wọlé bí èéfín á jáde lódì kejì bí ọtí, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, sínú ìgò. Ife àkọ́kọ́ ń rùn bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun èékánná. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kó dé ọ̀nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni, ó ń dà á nù. Lẹ́yìn náà ló máa ń mi ìgò, á gbé e sókè, á wo bí ìfófó rẹ̀ ṣe pẹ́ tó lójú ọtí. Tí wọ́n bá ti ń bẹ́ kíákíá, á ní ó tó, ká wọ́ iná.

Omi ló jẹ́ ìṣòro. Omi inú ọpọ́n kì í pẹ́ gbóná, ẹ gbọ́dọ̀ máa pa á dà. Lẹ́ẹ̀kan sísè, ó ń gbà tó agbada omi méjìlá, abọ́ fífẹ̀ tí àwọn obìnrin wa fi ń ru omi. Orí ìyàwó mi ni agbada méjìlá náà ń gbà délé, láti kànga, tàbí láti ibi ẹ̀rọ omi tó wà lójú títì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí àwọn obìnrin ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa títọ́ ọtí wò, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbé ọtí fún èèyàn ló ń kọ́kọ́ mu. Ìyàwó mi kì í fi èyí ṣeré. Oníbàárà á dé, á jókòó, ìyàwó mi á bu ọtí sínú ife kékeré, á mu ún lójú rẹ̀, á da ojú ife délẹ̀ kó rí i pé kò ṣẹ́ ku, lẹ́yìn náà ni á tó bu tirẹ̀ fún un. Kò sí bí oníbàárà náà ṣe lè jẹ́ ẹni mímọ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tó ń gbé ní abúlé kejì, tó sì ń wá ju gbogbo wọn lọ, máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

"Àbúrò, a jọ mu ọmú kan náà. Ṣé o rò pé mo rò pé o máa pa mí?"

"N kò mọ ohun tí ẹ rò, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mu tèmi."

"Ọ̀nà tí o fi ń mutí lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn."

"Ọtí mi ni. Tí mo bá fẹ́, màá fi wẹ̀."

Oníbàárà mẹ́ta, oníbàárà márùn-ún, lójoojúmọ́. Kò mutí yó rí. Ẹ̀kúnnu kan, ẹ̀kúnnu kan ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó ṣubú pẹ̀lú agbada lórí. Kò fara pa lọ títí, àmọ́ ọrùn rẹ̀ wú, kò lè yíjú sápá òsì fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo wò ó nígbà tó ń fi gbogbo ara yí padà láti dá èèyàn lóhùn, bí ẹni tó wọ ẹ̀wù igi. Mo sọ nínú ara mi pé màá wá nǹkan ṣe sí omi yìí.

Mo lọ sí Kétu láti ra ọkọ́. Mo kọjá níbi tí mẹkáníìkì kan ti ń ṣiṣẹ́, mo rí i tó tú imú ọkọ̀ àtijọ́ kan kalẹ̀, mo sì rí ohun kan bí afárá oyin tí wọ́n fi irin ṣe. Mo dúró.

"Bàbá, kí lẹ ń wò?"

"Kí ni iṣẹ́ eléyìí?"

"Rádíátọ̀ ni. Òun ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Omi gbígbóná á gba òkè wọlé, á gba ìsàlẹ̀ jáde ní tútù. Atẹ́gùn ló ń bá a ṣe é."

"Ṣé kò nílò kí wọ́n máa bu omi tútù lù ú?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú korobá?"

Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe fún un. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ohun tó lè tu ẹ́ńjìnnì, kí ni ọtí tí kò ní tù? Ó ní ó kàn ń jò lójú méjì ni, kí n jẹ́ kí òun dí i fún mi. Ó mú òjé, ó fi iná sí i, òjé náà yọ́, ó ń dán bí omijé, ó sì kán an sí ojú tó ń jò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo ń wò ó.

"Fi kún un," mo wí.

"Bàbá, ó ti tó."

"N kò fẹ́ kó jò rárá. Fi kún un."

Ó fi kún un. Mo ní kó tún fi sí àwọn oríkèé yòókù tí kò tíì jò. Mo dúró títí ó fi ṣe é tán. Gbogbo èyí ni mo rántí láìku ẹyọ kan, títí kan àwọ̀ bàtà tó wọ̀.

Nígbà tí mo gbé e délé, a fi eérú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdọ̀tí la rò pé ó jẹ́ ọ̀tá. Mo so ó mọ́ páìpù àgbá náà, mo gbé e kọ́ sójú atẹ́gùn lábẹ́ igi ńlá tó wà ní àgbàlá wa, mo da àpò tútù bò ó lórí. Agbada omi méjì péré ló gbà lọ́jọ́ náà. Ọtí ń jáde, ó mọ́ gaara. Ìyàwó mi dúró, ó kó ọwọ́ sí ìbàdí.

"Bàbá wọn," ló wí, "ẹ ti di ẹnjiníà lójú mi báyìí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò ó, ó yí i ká. Ó ní, "Àna mi, nígbà wo lẹ máa so táyà mọ́ ọn kó máa gbé ọtí náà wá bá mi nílé?"

A lò ó fún ọdún méjì. Ọrùn ìyàwó mi san. Mo máa ń wo ọpọ́n igi àtijọ́ níbi tí mo gbé e dojú dé lẹ́yìn ilé, mo sì máa ń rò pé mo ṣe nǹkan kan láyé mi.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn. Inú ń run ìyàwó mi, ìrora tó ń lọ́ èèyàn bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Kò lè ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní oúnjẹ ń dà bí irin lẹ́nu òun. A ní ata ni. A ní ọjọ́ orí ni. Ó lo àgbo, ó lo hóró oògùn tí wọ́n ń tà ní ọjà. Ó rù. Láàárín gbogbo rẹ̀, oníbàárà ń wá, ó ń bu tirẹ̀ mu kó tó bu fún wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ro ẹ̀kọ. Ọmọrogùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un, ó tún bọ́. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, apá gòkè, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ kò tẹ̀ lé e: ọwọ́ náà rọ̀ sílẹ̀ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Ó wò ó. Èmi náà wò ó.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí," ló wí. "Ó kàn ti lọ ni."

Mo rántí pé mo dìde, mo gba ọmọrogùn, mo ro ẹ̀kọ náà tán. Ẹ̀kọ máa ń di kókó tí wọn kò bá rò ó.

Àwọn ará abúlé sọ tiwọn. Wọ́n ní wọ́n ti so ó lọ́wọ́, pé ẹlòmíràn tó ń ta ọtí ló ṣe é. Wọ́n dárúkọ èèyàn fún wa. Ìyàwó mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́, obìnrin náà kò tilẹ̀ mọ bí a ṣe ń dé àgbá, ibo ló ti máa mọ bí a ṣe ń so ọwọ́? Ọmọ wa ló dé láti Pobẹ tó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Màmá, ẹ wọṣọ. Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wọṣọ." Zẹ́mì méjì, àwọn alùpùpù akérò, gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá. Ó la ẹnu ìyàwó mi, ó fi iná wo erìgì rẹ̀ àti ìlà dúdú tó wà létí rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Ó bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìyàwó mi ní òun ń se ọtí. Wọ́n mú un wọ yàrá kejì láti gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ọmọ wa bá a lọ. Dókítà náà yíjú sí mi.

"Bàbá, kí lẹ fi ń tu ọtí náà?"

Mo sọ fún un. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ júwe bó ṣe fẹ̀ tó.

Ó gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn máa fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ìlú ńlá, ṣùgbọ́n pé ojú òun ti rí irú rẹ̀. Ó ní òjé ni. Ó ní òjé tí wọ́n fi lẹ rádíátọ̀ pọ̀ ń yọ́ sínú ọtí díẹ̀díẹ̀, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó ń lọ jókòó sínú egungun àti inú iṣan. Ó ní ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pa lára.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń mu ún?"

Mo ní mo ti fi ọtí sílẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò. Kò gbọ́dọ̀ mu ẹ̀kán kan mọ́. Ẹ sì sọ fún gbogbo àwọn tó ń rà á, kí wọ́n wá."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, dókítà." Mo bi í bóyá ọwọ́ náà máa padà. Ó ní ó lè padà, ó sì lè má padà tán. Òun kò lè purọ́ fún mi.

Wọ́n fún un ní oògùn. Wọ́n sọ fún òun àti ọmọ wa pé ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ ohun tó ń ṣe é. Ọmọ wa padà sí Pobẹ nítorí iṣẹ́. Àwa méjèèjì gun zẹ́mì padà sílé, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìkejì, mo ń wo ọwọ́ tó rọ̀ sórí itan rẹ̀, tó ń mì bí ọ̀nà ṣe ń mì. Mo retí kí nǹkan kan ṣe mí. Mo retí ẹkún, mo retí kí àyà mi já. Kò sí ohun tó wá. Mo ń ka òkìtì ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí a délé, ó bi mí ohun tí dókítà bá mi sọ. Mo ní ó ní ká máa lo oògùn dáadáa. A jẹun. Mo gé ẹran tirẹ̀ wẹ́wẹ́ fún un. A sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi etí kan àgbá.

"Ó ti dákẹ́," ló wí. "Ẹ dá iná."

Mo ní igi tutù.

"Igi tí ẹ là kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé? Kí ló tú omi lé e lórí, ìrì?"

Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó ní kí n jókòó, òun á fi ọwọ́ òsì dá a. Ibi tí a ti ń sọ èyí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọlé pẹ̀lú bídọ́n rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tó fi ń gbọtí. Ó ní àwọn aláàrò tó ń bá òun ro oko ń bọ̀ lọ́la, òun fẹ́ ọtí. Ìyàwó mi ní tuntun kò tíì jinná, ṣùgbọ́n àṣẹ́kù ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà. Ó gbé ìgò jáde. Ó fi ọwọ́ òsì bu ú sínú ife kékeré. Ó wá gbé ife náà lé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tí kò lè mú nǹkan, ó fi òsì gbé ọ̀tún nídìí, nítorí kò fẹ́ fi ọwọ́ òsì mutí lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tẹ orí ba kó lè fi ẹnu kan ife.

Mo gba ife náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ wa lè má mọ bí èyí ṣe rí. Kí ọkọ gba ife lẹ́nu ọlọ́tí lójú oníbàárà, ó dà bí ẹni pé ó dúró lójà tó pè é ní apààyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde.

"Àna mi, kí nìyẹn? Ṣé májèlé wà níbẹ̀ ni?"

"Ó wà níbẹ̀," mo wí.

Ìyàwó mi ń wò mí, ó ṣì fi òsì gbé ọ̀tún dání.

"Ta ló fi í sí i?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè.

"Èmi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: rádíátọ̀, òjé tó ń yọ́, bí mo ṣe ní kí mẹkáníìkì fi kún un, bí ó ṣe ní ó ti tó tí mo tún ní kó fi kún un. Ohùn mi kò gbọ̀n. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó dà bí ẹni pé ilé ẹlòmíràn ni mo ń ròyìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó padà, ó ń wo bídọ́n rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" ìyàwó mi bi mí.

"Àná."

"Àná. Ẹ gé ẹran fún mi lánàá." Ó fi òsì gbé ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀. "N kò bínú nítorí ọwọ́. Ẹ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àná, ẹ mọ̀. Bí Ẹ̀gbọ́n kò bá wá láàárọ̀ yìí ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa sọ ọ́?"

Mo da ọtí inú ife náà sílẹ̀.

Ìyàwó mi jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Ọkà kò ṣẹ̀ o. Ọkà ti dákẹ́. Ẹ tú irin burúkú yẹn sílẹ̀, ẹ gbé ọpọ́n wá. Tí ẹ bá gbé iná kalẹ̀ tán, ẹ lọ sọ fún àwọn èèyàn, láti ilé dé ilé, lẹ́nu ara yín. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Mo tú rádíátọ̀, mo gbẹ́ ilẹ̀ jìn, mo sin ín síbi tí a kì í gbin nǹkan sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá mi gbé ọpọ́n náà ṣídìí, ó kún fún ewé àti ìjàm̀pere. Èmi ni mo pọn omi. Agbada méjìlá, láti kànga. Àwọn obìnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan ní kí n so òṣùká dáadáa, pé àgbàlagbà kì í fi orí lásán ru omi. Mo so ó. Ọtí náà jáde lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, bó ti ń ṣe látijọ́.

Kíkiri ilé gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Màá kí wọn, màá jókòó, màá sọ ọ́. Àwọn kan bú mi. Bàbá kan ní òun ti mu ún fún ọdún méjì, nǹkan kan kò ṣe òun, kí n jẹ́ kí òun ra ìyókù. Mo ní kò sí ìyókù, mo ti dà á nù. Ọ̀pọ̀ wọn lọ gba ìdánwò ẹ̀jẹ̀. Òjé wà lára ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ṣùgbọ́n kò tó ti àbúrò rẹ̀. Kò sí ti ẹnikẹ́ni tó tó tirẹ̀. Gbogbo wọn ni òjé náà pín kàn, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló ti kọ́kọ́ bá ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn mu, ní ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ó ti kọjá ọdún kan báyìí. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ mu, nítorí dókítà kọ̀ fún un. Ètè mi ni mo fi ń kàn án nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò ní adùn lẹ́nu mi, àgbàdo funfun tàbí pupa, bákan náà ni. Ìyàwó mi ló ń sọ fún mi bó ṣe yẹ kó rí, ó ń fi imú mọ̀ ọ́n. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bó ti yẹ. Kò tíì tún pè mí ní ẹnjiníà.

Ní àràárọ̀, kó tó fọ ojú, ó máa ń gbé apá ọ̀tún lé etí tábìlì, ọwọ́ á rọ̀ sísàlẹ̀, á sì ní kó gòkè. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ ọ. Èmi á jókòó níwájú rẹ̀, a óò jọ máa wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà. Oṣù dé oṣù, kò mira. Láàárọ̀ òní, kí n tó jókòó kọ èyí, ó gòkè. Kò ju ìnípọn ewé àgbàdo méjì lọ, ó sì padà sílẹ̀. Ó tún ní kó gòkè, ó tún gòkè. Ìyàwó mi fi òsì fa ìborùn rẹ̀ bò ó, ó ní kí n lọ wo ọkà bàbà lábẹ́ ewé, pé ó ti yẹ kó hù.